Wọ́n ti pe alága sí Ìyágankú: kí ni ìlú ń gbọ́, kí ni òfin ń sọ?

Ní ọjọ́ tí ìròyìn bá jáde pé ọlọ́pàá tàbí àjọ EFCC ti ránṣẹ́ pe alága ìjọba ìbílẹ̀ kan n'Ìbàdàn, ẹjọ́ méjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àkọ́kọ́ wà ní Ìyágankú, níbi tí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn wà. Ìkejì wà nídìí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀, nínú takisí Míkírà tó ń ná Challenge sí Mólété, níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Àgbówó. Ẹjọ́ ti Ìyágankú lè gba ọdún mẹ́wàá. Ti Dùgbẹ̀ kì í pẹ́, wọ́n á ti dá a kí oòrùn ó tó kan àtàrí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá a. Ìwé ìròyìn wà ní títẹ́, òkúta wà lórí wọn kí atẹ́gùn má baà gbé wọn lọ. Géńdé mẹ́fà, méje, bẹ̀rẹ̀ síwájú, wọ́n ń ka àkọlé láìyọ kọ́bọ̀ lápò. Ẹnìkan kà á sókè. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye owó tó sọnù, kò sẹ́ni tó bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n gbà tí wọn ò ṣe. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde ni pé, "Ta ló kọ pẹtísọ̀n?" Ẹni kejì ní, "Ṣé òun nìkan ló jẹ ẹ́ ni?" Ẹni kẹta wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Òun àti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ò kúkú rẹ́ mọ́." Ó parí.

Àwọn kan máa ń bínú sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n á ní aráàlú kò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, pé ẹni tó jí owó wọn gan-an ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn. Èmi kò gbà pé àìmọ̀ ni. Ìbéèrè "ta ló kọ ọ́?" ní ìtàn lẹ́yìn n'Ìbàdàn, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ mọ ìtàn náà dáadáa.

Lónìí, Ìbàdàn kò ní olórí ìlú kan ṣoṣo tí a lè pè ní méyọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló pín in, márùn-ún nígboro, mẹ́fà létí ìlú. Ará Bódìjà àti Àgbówó wà lábẹ́ Àríwá Ìbàdàn tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àgódi. Dùgbẹ̀ wà lábẹ́ Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn tí tirẹ̀ wà ní Onírèké. Ring Road wà lábẹ́ Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí ní 1954. Káńsù kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, Ibadan District Council, Mápó ló ń jókòó sí, alága rẹ̀ sì ni Adégòkè Adélabú, tí wọ́n ń pè ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Bí Ìbàdàn bá ti ní méyọ̀ rí, òun ni.

Òkè-Olúokùn ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1915. Ó lọ sí Government College Ìbàdàn, ó dé Yaba Higher College, ó bá ilé iṣẹ́ UAC ṣiṣẹ́, ó ṣòwò, ó kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mẹ̀kúnnù fọkàn tán an ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbò 1951. Ọmọ ẹgbẹ́ Ibadan People's Party mẹ́fà ni Ìbàdàn dìbò yàn sílé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Márùn-ún nínú wọn kọjá sí Action Group, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ. Lójú àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú, ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọn ò rí rà nìyẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n wá sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, orí èyí ni aráàlú ń gbé e kà.

Nǹkan mìíràn tún wà nílẹ̀. Ní 1951 yẹn kan náà, wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, ó sì dun àwọn ọmọ ìlú wọra. Àríyànjiyàn ilẹ̀ ń lọ láàárín àwọn onílé àti àwọn àlejò, pàápàá àwọn Ìjẹ̀bú tó ti kọ́lé sí Òkè-Àdó. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, nílé n'Ìbàdàn, ìlú náà ló sì ti dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní 1949. Adélabú kó àwọn mọ́gàjí, àwọn olórí agbo ilé, jọ, ó kó àwọn tó ń ráhùn owó orí mọ́ wọn, wọ́n di Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́, wọ́n sì bá NCNC da ọwọ́ pọ̀. Ní 1954, àwọn ni wọ́n kó ìjókòó tó pọ̀ jù ní káńsù. Nígbà tó di oṣù kìíní 1955, Adélabú ti di mínísítà ìjọba àpapọ̀ mọ́ ipò alága tó wà. Agbára pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Wọ́n ní iṣẹ́ àgbàṣe ń lọ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ní káńsù ti di ọjà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955 gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, wọ́n sì fi òyìnbó kan, E. W. J. Nicholson, ṣe é. Akọ̀wé ìlú Abingdon ni lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó mọ iṣẹ́ káńsù lámọ̀dunjú ni. Ó gbọ́ ẹ̀rí, ó wo ìwé, ó kọ àbájáde. Àbájáde náà dá Adélabú lẹ́bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, ó fi ipò mínísítà sílẹ̀, ó fi ipò alága sílẹ̀, ìjọba sì tú káńsù náà ká lọ́dún yẹn.

Ẹni tí kò mọ Ìbàdàn á rò pé ìtàn ti parí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956 kan náà, ìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn dé. Adélabú wọlé, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìjókòó Ìbàdàn. Ọlọ́pẹ ní 48 nínú ìjókòó 80 gbogbo agbègbè náà, NCNC ní 32, Adélabú sì di olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé ìgbìmọ̀. Ọkùnrin tí ìgbìmọ̀ dá lẹ́bi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn tí wọ́n ní ó jẹ gàba lé owó wọn lórí ló gbé e padà sórí àga.

Kí ló dé? Ẹ wo ọwọ́ tí ìwádìí náà ti jáde. Ìjọba tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí Adélabú kọ̀ láti bá lọ ní 1951. Bí Adélabú bá ṣubú, àwọn ni wọ́n máa jèrè. Òyìnbó tó jókòó ṣe ìwádìí lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, èmi náà gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ní láárí, àwọn ohun tó kọ nípa bí káńsù ṣe ń pín iṣẹ́ yẹ kó ká aráàlú lára ju bó ṣe ká wọn lára lọ. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà wà, ọ̀dọ̀ ìjọba ni ó ti jáde, Adélabú sì ń fi èdè Ìbàdàn bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, ní gbangba. Àwọn baba wa máa ń ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ jìnnà, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Ohun tí ìlú ṣe nínú àpótí ìbò 1956 nìyẹn: wọ́n lé akátá. Àbọ̀ tí wọn ì bá fi bá adìẹ kò wá rí àyè mọ́.

Ìlú sì ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 1949 ni àwọn mọ́gàjí àti ìjòyè kan ti ń kọ ẹ̀sùn lu Salami Agbájé, olówó ńlá tó ti dé ipò Ọ̀tún Balógun, kí oyè Olúbàdàn má baà kàn án. H. L. M. Butcher wá ṣe ìwádìí, àbájáde rẹ̀ ní 1951 sì ni pé àwọn ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Adélabú wà lára àwọn tó fi gègé jà nínú ìjà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sùn gé ọ̀tá lẹ́sẹ̀, ìlú náà sì mọ̀ ọ́n. Ibi tí pẹtísọ̀n bá ti di ohun ìjà báyìí, ojúlówó rẹ̀ àti ayédèrú rẹ̀ á máa jọra wọn lójú ènìyàn. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí olè gan-an ló máa ń jèrè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, ọkọ̀ tí Adélabú wà nínú rẹ̀ ní ìjàm̀bá lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Òde Rẹ́mọ. Ó kú, ọmọ ọdún 42. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ pé ọlọ́pẹ ló pa á. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé àwọn tí wọ́n mọ̀ sí ẹgbẹ́ kejì. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa ikú náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè "ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀?" ti di ìdáhùn fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, àwọn agbófinró mú méyọ̀ Marion Barry ní hòtẹ́ẹ̀lì ní oṣù kìíní 1990 níbi tó ti ń mu kokéènì. Ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní 1994, wọ́n tún dìbò yàn án sípò méyọ̀. Ní Toronto ní Kánádà, ọ̀gá ọlọ́pàá Bill Blair kéde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2013 pé fídíò tí wọ́n ní méyọ̀ Rob Ford ti ń fa oògùn olóró ti wà lọ́wọ́ àwọn. Àjọ tó ń gba èrò aráàlú bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lọ́jọ́ yẹn, iye àwọn tó fọwọ́ sí iṣẹ́ Ford kúrò ní 39 nínú ọgọ́rùn-ún, ó gòkè sí 44. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn, ará ẹ̀yìn ìlú ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n gbà pé àwọn ọ̀làjú àárín ìlú ló kórìíra rẹ̀ nítorí pé ti àwọn ará ẹ̀yìn ìlú ló ń ṣe. Ẹ yọ orúkọ Toronto kúrò, ẹ fi Mápó sí i, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Ìbàdàn tuntun. Ọdún tí Adélabú kú gan-an, 1958, ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àjọ ilé gbígbé tó kọ́ Ẹ́sítéètì Bódìjà sílẹ̀. Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀ parí ní 1965. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo ló kún àwọn àdúgbò yìí, púpọ̀ nínú wọn kò ní mọ́gàjí tó máa sọ fún wọn ibi tí agbo ilé ń tẹ̀ sí. Ènìyàn á rò pé níbí, àwọn á kọ́kọ́ bèèrè iye owó. Rárá o. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lo katakata láti wó lára ilé iṣẹ́ rédíò Fresh FM ti Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ní Challenge. Ìjọba ní òfin ìkọ́lé ni wọ́n rú. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kò tilẹ̀ dúró gbọ́ bóyá ìwé ilé náà pé tàbí kò pé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé rédíò náà ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ ní Òkè-Olúokùn ní 1956 náà ni wọ́n gbọ́ ọ ní Challenge.

Rédíò gan-an ló wá di Mápó ìgbà ìsinsìnyí. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò pọ̀ n'Ìbàdàn, ètò òwúrọ̀ wọn kò sì lè ṣe kó má dá lórí ìṣèlú. Ẹni tó bá pè wọlé ní ìṣẹ́jú kan péré. Nínú ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ gọ́tà jáde lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè sọ pé "ìṣèlú ni". Mo gbà pé ìdí kan nìyẹn tí ọ̀rọ̀ owó fi máa ń sọnù.

Kí ni òfin wá ń sọ? Alága ìjọba ìbílẹ̀ kò ní ààbò tí gómìnà ní. Abala 308 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 dárúkọ àwọn tí wọn kò lè pè lẹ́jọ́ nígbà tí wọ́n wà lórí àga: ààrẹ, igbákejì ààrẹ, gómìnà àti igbákejì gómìnà. Kò dárúkọ alága. Ọlọ́pàá lè pè é lónìí, EFCC lè pè é, ICPC lè pè é, àjọ tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ náà lè pè é.

Ìpè kì í ṣe ẹ̀sùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbé. Ẹnìkan kọ pẹtísọ̀n, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pe ẹni tí wọ́n dárúkọ. Ó lọ, ó mú lọ́yà dání, wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, abala 35 ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan níbi tí ilé ẹjọ́ kò bá ti jìnnà ju ogójì kìlómítà lọ, Ìbàdàn sì kún fún ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ni béèlì. Ọjọ́ béèlì ni ẹ máa rí onílù, àwọn ọ̀dọ́ nínú aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á máa jó pé ọ̀gá àwọn ti jàre. Kò tíì jàre, kò sì tíì jẹ̀bi. Béèlì kàn túmọ̀ sí pé ó lè máa ti ilé wá jẹ́jọ́ ni. Ìgbà tí wọ́n bá ka ẹ̀sùn sí i létí níwájú adájọ́, bóyá ní ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Ring Road, ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abala 36 sì ní aláìṣẹ̀ ni títí tí wọ́n á fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí bíi ti Nicholson tún yàtọ̀. Ó lè bèèrè, ó lè kọ ohun tó rí, ó lè ní kí wọ́n ṣe báyìí-báyìí. Kò lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n. Ìdí nìyí tí Adélabú fi lè kúrò níwájú ìgbìmọ̀ kó lọ díje dupò, òfin kò dí i lọ́nà.

Ẹ wá wo bí ẹjọ́ tòótọ́ ṣe ń pẹ́ tó. EFCC mú gómìnà àná, Rashidi Ládọjà, ní 2008, ẹ̀sùn owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Ó ṣe béèlì, ó díje dupò gómìnà ní 2011, ó tún díje ní 2015. Oṣù kejì 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó tó dá a sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025, ó gorí ìtẹ́ Olúbàdàn. Láàárín ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ẹjọ́ yẹn fi wà nílẹ̀, olúkúlùkù ará Ìbàdàn ti dá tirẹ̀ tán pátápátá. Ìdájọ́ tó bá pẹ́ báyìí kì í rí àyè mọ́ lọ́kàn ẹnikẹ́ni nígbà tó bá dé, ì báà jẹ́ ìdáláre, ì báà jẹ́ ìdálẹ́bi. Ó dùn mí, nítorí ẹni tí kò ṣẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ ló jọ ń jìyà rẹ̀.

Nǹkan méjì ti yí padà láti ìgbà Adélabú. Ìjọba tó wà lókè kò lè tú káńsù ká mọ́ bí wọ́n ṣe ṣe ní 1956. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2019 tí wọ́n búra fún Gómìnà Ṣèyí Mákindé, ó lé àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò bófin mu, ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù wọn. Ìkejì ni ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, tí ilé ẹjọ́ kan náà fi ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Tí wọ́n bá mú èyí ṣẹ délẹ̀délẹ̀, àwáwí kan máa kú: alága kò ní lè sọ mọ́ pé gómìnà ló mú owó ọjà àti owó títì. Ọjà, gáréèjì, odò ẹran, iná títì, ìdọ̀tí, itẹ́ òkú, gbogbo rẹ̀ ló wà lára iṣẹ́ tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn bá tún dé Dùgbẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó kọ pẹtísọ̀n. Ó tọ́ láti bèèrè. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá jẹ́ ọ̀tá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀tá ni. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tún bèèrè nọ́ḿbà: èló, iṣẹ́ wo, àdúgbò wo. Ọ̀tá lè purọ́ nípa ìdí tó fi ń jà, ṣùgbọ́n gọ́tà tí wọn kò gbẹ́ kò lè purọ́, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó.

Ẹ kò tilẹ̀ nílò láti dúró de EFCC. Láti 2011 ni òfin ti fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láyè láti bèèrè ìwé ìjọba, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Ará Àgbówó tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná sórí gọ́tà àdúgbò rẹ̀, kó kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn: orúkọ iṣẹ́, àdúgbò, ọdún, agbaṣẹ́ṣe, iye owó. Kó tẹ ẹ̀dà méjì, kó mú méjèèjì dání lọ sí Àgódi, kó jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí èyí tó máa gbé lọ sílé. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba lẹ́tà náà ni kíkà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.